Èédú Nínú Ẹ̀tù

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mátàsé yìnbọn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ìbọn ṣe "pòó" bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí ẹyin iná, tí èéfín dúdú rọra yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ọta sì já bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó ki ẹ̀kẹrin, ọ̀tá méjì ti gba àfọ́kù odi wọlé, wọ́n sì ti fi ọ̀kọ̀ gún un láyà.

Ó di oṣù márùn-ún tí ọ̀tá ti dó ti ìlú náà. Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ odi, kò sí ẹni tó mọ ìbọn í yìn tó ọkùnrin yìí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Mátàsé ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Òkúta àti àdá ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lé ọ̀tá padà, nítorí ìbọn tiwọn náà ń ṣe pòó. Nígbà tí wọ́n ráyè mí, mẹ́rin nínú wọn gbé òkú rẹ̀. Wọn kò gbé e lọ sílé. Ilé iṣẹ́ ọta ni wọ́n gbé e lọ tààrà, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, láàárín àwọn abọ́ àti ìwọ̀n ẹ̀tù. Olórí wọn, géńdé kan tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí létí, tú àpò ọta kúrò ní ìbàdí òkú, ó sì sọ ọ́ lu àyà obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ọta yín nìyẹn," ni géńdé náà wí. "Ẹ gbà á padà. Àwa ò ṣe mọ́."

Obìnrin yẹn ni Ìyá Ọlọ́ta, olórí àwọn obìnrin mẹ́tàdínlógún tó ń ki ọta fún gbogbo odi. Òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n Mátàsé, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mátàsé ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwọn obìnrin yòókù bú sẹ́kún. Òun kò sunkún. Ó fi ọwọ́ pa ojú àbúrò rẹ̀ dé, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì da àpò ọta náà sórí àtẹ. Mọ́kànlá ló kù níbẹ̀.

Ilé ìfọṣọ ni ilé yẹn kí ogun tó dé. Agbada òkúta tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọlọ́jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti wá ń fọ ìkarahun idẹ báyìí. Bí ọmọ ogun bá yìnbọn tán, á ṣa ìkarahun rẹ̀ padà wá. Àwọn obìnrin á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ìdáná tó ti jó ní ìdí rẹ̀, ìyẹn pẹlẹbẹ bàbà kékeré tí irin ìbọn ń gbá kí iná tó ràn, wọ́n á sì fi tuntun sí i. Wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á fi òjé dí i lẹ́nu, ó parí. Ìkarahun kan lè lọ sójú odi kó sì bọ̀ nígbà ogún kó tó ya.

Láti oṣù kejì ni gbogbo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àgbá ẹ̀tù tí wọ́n ń fi ewúrẹ́ méjì gbà di màlúù kan. Màlúù kan di mẹ́rin. Nígbà tí màlúù tán nílùú, ó di oko. Ní ti ìdáná tuntun, kò sí mọ́ rárá. Ṣe ni wọ́n ń fi ìṣó tẹ́ èyí tó ti jó padà, tí wọ́n ń fá orí ìṣáná sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti pàdánù ìka méjì nígbà tó bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Òjé tán, wọ́n yọ́ òjé ìdí àwọ̀n apẹja. Ìyẹn tán, wọ́n tú páìpù omi ilé ìwòsàn, wọ́n yọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì béèrè ohun tó fa ọ̀wọ́n yìí, èsì kan náà ni: ọ̀nà ti le.

Ẹni tó ń fún wọn ní èsì yìí ni Alájàpá, ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń rí ẹ̀tù kó wọ ìlú. Ó ní inú àbàtà ni àwọn èèyàn òun ń gbà, ó ní omi ń mù wọ́n dé ọrùn, ó ní àwọn kan ti kú sọ́nà. Kò sẹ́ni tó lè já a ní koro, nítorí àbúrò ọ̀gágun tó ń darí ogun ìlú ló fẹ́.

Ìyá Ọlọ́ta fi ẹ̀mú fa òjé kúrò lẹ́nu ọ̀kan nínú ọta mọ́kànlá náà. Ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí abọ́ funfun, ó sì fi ẹyin iná kàn án. Ẹ̀tù gidi á ṣe "fàà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, abọ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èyí jókòó sójú kan, ó ń pọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rú èéfín. Ìgbà tó kú, ó fi òkìtì dúdú kan sílẹ̀.

Èédú wà nínú ẹ̀tù lóòótọ́, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Èyí tó wà lórí abọ́ yìí, èédú ààrò lásán ni wọ́n gún kúnná tí wọ́n fi lú u, ìdajì sí ìdajì.

Ohun tó ká a lára jù ni pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n ṣí àgbá náà, ó bu ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka pa á, ó sì rí i pé ó ń kun ọwọ́ jù. Ó sọ fún olùtọ́jú ilé ẹ̀tù. Ìyẹn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá, ṣé ẹ ní òmíràn tí ẹ fẹ́ lò ni?" Ó ní òun kò ní. "Ẹ yáa kì í nígbà náà." Ó sì kì í. Kò ránṣẹ́ sójú odi, kò sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má gbára lé e.

Ó dìde. Ó kó ọta mẹ́wàá tó kù sórí àtẹ, ó gbé abọ́ dúdú náà lé e. Ó sọ fún géńdé elétí-ẹ̀jẹ̀ pé, "Tẹ̀ lé mi."

"Níbo?"

"Ibi tí wọ́n ti ń ra ikú fún yín."

Yàrá òkè ní ilé ẹjọ́ àtijọ́ ni ọ̀gágun àti àwọn olórí ogun ti ń gbìmọ̀ láàárọ̀ náà. Ọ̀gágun náà ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun láàárín oṣù márùn-ún. Ìlẹ̀kùn Irin ni wọ́n ń kí i. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọ ogun á ní, "Ìlẹ̀kùn Irin, akànkàn-má-ṣí, ẹni tí ọ̀tá kàn títí tí ọwọ́ wọn fi bó!" Oríkì náà kì í ṣe lásán, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀tá ti wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ara rẹ̀ dí ẹnubodè.

Ìjà ọ̀rọ̀ ń lọ níbẹ̀. Olórí ẹlẹ́ṣin fẹ́ kí gbogbo wọn ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n já lu ọ̀tá kí ìyókù ẹ̀tù tó tán.

"Kí ni ẹ fẹ́ fi já lù wọ́n?" olórí ẹnubodè bi í. "Àtẹ́lẹwọ́? Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí wọn, ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa gbà."

"Wọ́n á gba ìwọ àti ìyàwó rẹ!"

Alájàpá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó dúró kí wọ́n pariwo tán. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè rí àgbá mẹ́wàá wọlé láàárín ọjọ́ méjì, bí wọ́n bá kọ afárá odò àti owó ibodè rẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ òun títí láé. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní ọ̀nà ti le.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ọlọ́ta taari ìlẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀ṣọ́ fẹ́ dì í mú, géńdé fi èjìká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Ọlọ́ta gbé àtẹ kalẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú ọ̀gágun.

"Ọ̀gágun, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Òkú àbúrò mi wà lórí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yín. Ohun tó pa á nìyí."

Ọ̀gágun wo abọ́ náà. "Kí ni?"

"Èédú. Èédú tí a fi oko àwọn bàbá wa rà." Ó yíjú sí àwọn olórí ogun. "Ẹ tẹ́tí kí ẹ gbọ́ tèmi ná. Èmi náà jẹ̀bi. Mo rí i pé ẹ̀tù náà kò dáa, mo sì kì í, nítorí wọ́n ní kò sí òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi wà lọ́wọ́ èmi náà, mi ò ní fọ̀ ọ́ níwájú yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo gún èédú."

Alájàpá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ọlọ́ta. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín, kò sí ohun tí ẹ sọ tí mo lè bínú sí. Àmọ́ ẹ̀tù tó gba inú àbàtà kọjá, ṣé kò ní fa omi ni? Àbí kẹ̀, obìnrin mẹ́tàdínlógún ló ń fọwọ́ kàn án kó tó dé ojú odi. Ṣé ẹ máa ń yẹ ìgbáàyà wọn wò bí wọ́n bá ń relé?"

Géńdé ta kìjí síwájú. Ìyá Ọlọ́ta na ọwọ́ dá a dúró.

"Nítorí náà ẹ̀tù yín dáa?" ó bi Alájàpá.

"Ó dáa."

"Ẹ búra."

Alájàpá wo ọ̀gágun. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. "Bí ẹ̀tù tí mo gbé wá kò bá dáa, kí ilẹ̀ má gba òkú mi, kí àwọn ọmọ mi má rí ẹni sọ pé bàbá àwọn nìyí."

"Ó ti tó," ni Ìyá Ọlọ́ta wí. "Ọ̀gágun, ẹ gbọ́. Ọ̀tá ń kó ara wọn jọ lẹ́yìn ilé ìsunbíríkì. Wọ́n á tún wá lọ́sàn-án yìí, wọ́n sì mọ ibi tó rọ̀. Ẹ fún ọkùnrin yìí ní ìbọn àbúrò mi. Ẹ fún un ní ọta márùn-ún nínú mẹ́wàá yìí. Kó lọ dúró sí àfọ́kù odi. Èmi náà á mú márùn-ún yòókù, a ó jọ dúró. Bí ẹ̀tù náà bá dáa, ẹ kọ afárá fún un, kí ẹ sì so mí kọ́ sórí rẹ̀."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Alájàpá. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún ọ̀gágun, "ẹ ò ní gba irú ọ̀rọ̀ wèrè yìí? Oníṣòwò ni mí. Èmi kọ́ ni ọmọ ogun."

Olórí ẹlẹ́ṣin kọ́kọ́ dáhùn. "Oníṣòwò ni Mátàsé náà. Bàtà ló ń tà."

Ọ̀gágun wo àwọn olórí ogun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí ohun tó wà lójú wọn. "Ó ti búra," ó wí. "Ẹ fún un ní ìbọn."

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó sí àfọ́kù náà. Àlàfo kan ni, kò fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn méjì lọ, tí wọ́n fi àpò iyanrìn àti àga àtijọ́ dí dé ìbàdí. Ìta rẹ̀ ni kòtò, lẹ́yìn kòtò ni pápá, lẹ́yìn pápá ni ilé ìsunbíríkì tí àwọn ọ̀tá ń ṣí lọ ṣí bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Géńdé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú àdá.

"Ìyá Ọlọ́ta," Alájàpá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà méjì. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́..."

"Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi lo jókòó lé yẹn," ó dá a lóhùn. Gbogbo "ẹ" ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Jókòó dáadáa."

Fèrè ọ̀tá dún. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ilé ìsunbíríkì, mẹ́wàá, ogún, ọgọ́ta, wọ́n ń tò, wọn ò kánjú, nítorí wọ́n ti gbọ́ pòó tí ìbọn ìlú ń ṣe láàárọ̀. Òógùn bo Alájàpá. Ó gbé ìbọn, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn. Àdá ló rí.

"Abẹ́ iyọ̀!" ló ké. "Abẹ́ àpò iyọ̀ ló wà, nínú ilé ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé mi. Ẹ̀tù gidi. Àgbá méjìdínlógójì. Ìdáná wà níbẹ̀, àpótí mẹ́fà. Ẹ lọ kó o, ẹ jẹ́ kí n kúrò níbí!"

Ìyá Ọlọ́ta di kọ́là aṣọ rẹ̀ mú. "Ìgbà wo lo kó wọn wọlé?"

Alájàpá tún wo pápá.

"Ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó dó tì wá."

Ó gba ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí wọn létí. Ẹnikẹ́ni kò gba inú àbàtà rí. Omi kò mu ẹnikẹ́ni dé ọrùn. Àwọn tó ní wọ́n kú sọ́nà kò sí níbì kankan. Láti ọjọ́ kìíní ni ẹ̀tù ti wà láàárín ìlú, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí odi, Alájàpá sì ń tà á fún wọn ní àgbá kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń pa. Ìgbà tó fẹ́ kó pẹ́ tán, kó sì tún wọ́n sí i, ló fi èédú lú u.

"Bàbá mi kò ní ilẹ̀ mọ́," ni géńdé wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Oko rẹ̀ la fi ra ẹ̀tù; bó bá kú, oko olóko la máa sin ín sí."

Kò sí àkókò láti pa á. Ìyá Ọlọ́ta ti ń sáré, ọgbọ̀n ọkùnrin sì ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìkẹ́rù, ìyàwó Alájàpá, àbúrò ọ̀gágun, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ẹni tó ti ń retí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Bí Ìyá Ọlọ́ta ṣe fẹ́ kọjá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Kí ẹ mọ̀ pé mo sọ fún un."

Wọ́n ru ẹ̀tù àti ìdáná sáré padà sójú odi, wọ́n sì ké sí àwọn obìnrin yòókù, ọ̀tá ṣì ń tò lọ́wọ́ ní pápá. Abẹ́ odi ni àwọn obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti ki ọta, láìsí tábìlì, láìsí ìjókòó. Ìdáná tuntun ń wọlé bí ẹ̀wà sínú igbá. Nígbà tí ọ̀tá fi máa dé etí kòtò, ọta márùn-ún ló wà lọ́wọ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n jọ yìn, ìró náà gba gbogbo ìlú bí ìgbà tí òkè wó. Àwọn tó wà níwájú ṣubú sínú kòtò, àwọn tó wà lẹ́yìn yíjú padà, pápá sì ṣófo. Lọ́sàn-án yẹn náà ni wọ́n sin Mátàsé.

Àwọn ọmọ ogun fẹ́ ju Alájàpá sísàlẹ̀ odi. Ọ̀gágun dé, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, kí wọ́n fà á fún Ìyá Ọlọ́ta, kó máa fọ ìkarahun títí ogun á fi parí. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ sí i lẹ́nu.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Ìyá Ọlọ́ta gun àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gágun nìkan ló bá. Kò jókòó.

"Àbúrò yín ní òun sọ fún yín."

Ọ̀gágun gbé ojú kúrò lórí àwòrán ilẹ̀. Kò purọ́. "Oṣù kẹta ló sọ ọ́. Ó ní ọkọ òun ń kó nǹkan pamọ́ sábẹ́ iyọ̀. Mo pè é ní ìjà tọkọtaya."

"Ẹ ò rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó."

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá rán èèyàn lọ, tó sì bá a níbẹ̀, mo ní láti pa ọkọ àbúrò mi. Mo ní kí n má mọ̀."

Ìyá Ọlọ́ta gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. "Èèyàn mélòó ló kú láti oṣù kẹta?"

"Mo mọ iye wọn," ni ọ̀gágun wí. "Gbọ́, Ìyá Ọlọ́ta. Bí àwọn ọmọ ogun bá gbọ́ èyí, wọn ò ní dúró lórí odi di ọ̀la. Ìlú á bọ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀. Òtítọ́ ni, ìyẹn ló sì tún mú inú bí i ju gbogbo èyí tó ti gbọ́ láti àárọ̀.

"Mi ò ní sọ ọ́," ó wí níkẹyìn. "Kì í ṣe nítorí yín o. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣófo ní àfọ́kù odi. Ẹ bọ́ aṣọ oyè yẹn sílẹ̀. Ẹ mú ìbọn kan. Ẹ lọ dúró síbẹ̀, ẹ máa jẹun níbẹ̀, ẹ máa sùn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa bá yín gbìmọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ kí ogun tó parí, ọjọ́ yẹn ni mo máa gun orí odi pariwo, kí ìlú bọ́ bó bá fẹ́ bọ́. Mo fi ibojì tí mo gbẹ́ lónìí búra."

Ọ̀gágun tú ìgbànú oyè rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó mú ìbọn kan lára ògiri, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ta padà sílé iṣẹ́. Alájàpá wà lẹ́bàá agbada, omi ti rin ín dé ìgúnwọ́, kò gbójú sókè. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ lójú odi. Àwọn obìnrin fò dìde, wọ́n rò pé ọ̀tá ti tún dé. Orin ni. Géńdé elétí-ẹ̀jẹ̀ sáré wọlé, ojú rẹ̀ ń tàn bí ọmọ tó rí bàbá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló wá gba àyè Mátàsé! Ó bọ́ aṣọ oyè, ó jókòó sáàárín wa! Ẹ ò rí ọkùnrin! Ó ní kí ẹ fún òun ní ogún ọta."

Láti ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ọgọ́rùn-ún ohùn pọ̀: Ìlẹ̀kùn Irin! Akànkàn-má-ṣí! Àwọn obìnrin mìíràn ti ń sunkún ayọ̀. Ìyá Ọlọ́ta payín keke. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fa àgbá ẹ̀tù tuntun súnmọ́ ara, ó to ogún ìkarahun sílẹ̀.

Ó bu ẹ̀tù sínú ìwọ̀n. Ó wò ó. Bó bá gbọn díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Géńdé dúró sórí rẹ̀, ó ń kọrin ọ̀gágun lábẹ́ ahọ́n.

Ó fi ọ̀bẹ pa ojú ìwọ̀n náà dọ́gba, kò lé, kò dín, ó dà á sínú ìkarahun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi pé ogún, tó sì ń fi gbogbo agbára apá rẹ̀ tẹ òjé bọ̀ wọ́n lẹ́nu.

"Gbé e lọ fún un," ó wí. "Sọ fún un pé ó pé."